Etí Òsì Ràbíátù

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká, alága ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ilé-Ifẹ̀, ló mú lẹ́tà náà wá fúnra rẹ̀. Kò tiẹ̀ jókòó. Ẹnu ọ̀nà ilé Àyọ̀kẹ́ Ọdẹ́wálé ní Mayfair ló dúró sí, fìlà lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu, bí ẹni tó gbé ìròyìn ayọ̀ wá.

"Mummy, àwọn aṣòfin ń bọ̀ wá bá wa nílé," ó wí. "Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ẹ ti gbọ́ nípa àbádòfin yẹn, pé ẹnikẹ́ni ò ní lẹ́tọ̀ọ́ láti na ọmọ mọ́, ì báà ṣe tíṣà, ì báà ṣe òbí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó dìbò lé e lórí ní Òṣogbo. Ẹ̀yin lẹgbẹ́ wa yàn pé kẹ́ ẹ lọ sọ tiwa."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta la tún fẹ́ rán? Ọdún márùndínlógójì lẹ fi dúró níwájú pátákó. Ta ni ò mọ pàṣán Tíṣà Ọdẹ́wálé nílùú yìí? Àwọn tẹ́ ẹ nà ló di dókítà, àwọn ló di lọ́yà. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹni tó bá gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà, kó yáa wá máa kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀."

Inú Àyọ̀kẹ́ dùn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń rán an níṣẹ́ kò pọ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, Olúwatóbi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé Abẹ́òkúta. Ó dúpẹ́, ó sin bàbá náà dé gẹ́ètì, ó padà wọlé, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó tú lẹ́tà náà.

Ojú ìwé kejì ni orúkọ àwọn tó máa sọ̀rọ̀ wà. Orúkọ tirẹ̀ ni ìkarùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe rí i. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìkẹfà.

*Arábìnrin Ràbíátù Abógúnrìn. Òbí.*

Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bọ́ awò ojú, ó fi etí ìró nù ún, ó tún un fi sójú. Orúkọ náà kò yí padà. Ó wá dà bíi pé ẹnì kan rọra da omi tútù sí i lẹ́yìn ọrùn, tí omi náà sì ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbàdúrà pé kí òun má tún gbọ́ orúkọ yẹn mọ́.

Nígbà yẹn, Àyọ̀kẹ́ kò tíì pé ogójì ọdún. Kíláàsì kẹrin ló ń kọ́, ọmọ méjìléláàádọ́ta nínú yàrá kan ṣoṣo tí òrùlé páànù rẹ̀ ń gbóná bí ìkòkò. Ràbíátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò, ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sọ nǹkan kan sí i létí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Òun Àyọ̀kẹ́ rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Pàṣán kò sí nítòsí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, ó fọ́ ọmọ náà létí òsì.

Ọmọ náà yí po bí òkòtó, ó forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tó dìde, kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ ba Àyọ̀kẹ́ lẹ́rù nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kékeré kan, kò tó hóró tòmátò kan, jáde láti ihò etí náà, ó sì dúró síbẹ̀. Àyọ̀kẹ́ mú un lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún, ó ra búrẹ́dì fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ràbí, ṣé o gbọ́ mi?"

Ìgbà náà ni ọmọ náà yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé etí ọ̀tún síwájú, ó ní, "Mà?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn parí, ìyá Ràbíátù kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Edunabon. Àyọ̀kẹ́ kò sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Ó kàn pinnu pé òun ò ní fi ọwọ́ lu ọmọ mọ́. Pàṣán nìkan ló ń lò láti ọjọ́ náà, ó sì fi ìyẹn tan ara rẹ̀ jẹ pé pàṣán kò lè fọ́ nǹkan kan lára ọmọ.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ni oúnjẹ ti kọ̀ ọ́. Ó gbé èkọ síwájú, ó ń wò ó títí èépá fi bo ojú èkọ náà. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, á dúró ṣinṣin lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, kò ní mí, títí á fi gbọ́ ohùn ẹni náà. Ó ń ro ohun tí ìkẹfà fẹ́ sọ. Òun Àyọ̀kẹ́ ló máa sọ̀rọ̀ ṣáájú. Á ti yin pàṣán tán, á ti jókòó, nígbà náà ni ọmọ yẹn á dìde, á nawọ́ sí òun.

Ọjọ́ Jímọ̀, Olúwatóbi pè é láti Abẹ́òkúta.

"Mummy, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn ará ọ́fíìsì wa. Àwọn aṣòfin ní àwọn máa gbé e sórí Fesibúùkù bó ṣe ń lọ. A máa wò yín látibí!"

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀?"

"Kí ló dé tí ohùn yín rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá," ó wí, ó sì pa fóònù. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀: ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì, gbogbo wọn yí fóònù kan ká, wọ́n ń wo ìyá àgbà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ dáadáa ló ti pinnu. Á lọ bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ibi tí Ràbíátù ń gbé, ṣùgbọ́n ó ti rí ìyá rẹ̀ rí láti inú mọ́tò, lẹ́bàá ọ̀nà ní Edunabon, níbi tó ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ó wọ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n kọjá gẹ́ètì yunifásítì, ó fẹ́ ní kí dírẹ́bà sọ òun kalẹ̀. Kò sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò gbé e dé Edunabon.

Kò pẹ́ tó fi rí obìnrin náà. Lábẹ́ àtíbàbà páànù ló wà, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tò jọ, rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo Àyọ̀kẹ́ lójú, ó tún un wò, ó sì pariwo.

"Háà! Tíṣà! Tíṣà Ràbí! Ṣé ojú mi nìyí?"

Ó ti kúnlẹ̀ kí Àyọ̀kẹ́ tó mọ ohun tó máa ṣe. Orí obìnrin náà ti funfun ju tirẹ̀ lọ.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

"Mi ò ní kúnlẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ fi ìwé lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ jókòó, mà. Ọlọ́hun á san án fún yín."

Àyọ̀kẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó rí i pé obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Kò mọ nǹkan kan rárá! Ara tù ú fún ìṣẹ́jú kan, ìtura náà sì tì í lójú.

"Ràbí ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ó wà ní Sábó, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Ibẹ̀ lòun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé. Aṣọ ló ń rán, ọmọ mẹ́ta ló sì ti bí. Àlùhámúdù lílàhì, kò sí wàhálà. Etí yẹn nìkan ni."

"Etí wo?"

"Etí òsì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Láti kékeré ni. Iba la rò pé ó bà á jẹ́, òun náà ní òun kàn jí lọ́jọ́ kan ni, kò sì gbọ́ mọ́." Obìnrin náà mi orí, ó ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò lára ẹ̀yà. "Ká tó mọ̀, ojú ọmọ yẹn rí màbo lọ́wọ́ mi. Màá pè é, kò ní dáhùn. Màá rán an níṣẹ́, á lọ mú nǹkan mìíràn wá. Mo ní ọmọ yìí ti ya aláìgbọràn. Mo nà án, Tíṣà! Mo fi orógùn nà án, mo fi okùn nà án. Àfi ọjọ́ kan tí mo ń nà án lọ́wọ́ tó ní, 'Màámi, ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún kẹ́ ẹ tún un sọ.' Ọjọ́ yẹn ni orógùn bọ́ lọ́wọ́ mi."

Àyọ̀kẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Ó kó wọn sábẹ́ ìborùn.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ní òun máa lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin," ìyá Ràbíátù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹjọ́ mi ló fẹ́ lọ rò, torí orógùn yẹn."

"Kì í ṣe ẹ̀yin," Àyọ̀kẹ́ wí, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín."

Kò sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ wá. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dìde, obìnrin náà gbé odidi ẹ̀yà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé e lọ́wọ́, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó ní tíṣà ọmọ òun kò ní rajà lọ́wọ́ òun. Àyọ̀kẹ́ gbé e délé, ó gbé e sí ìdí ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Kò lè sè é, kò sì lè fi tọrẹ. Níbẹ̀ ló pọ́n sí, níbẹ̀ ló dúdú sí, tí eṣinṣin sì ń kùn lórí rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀.

Gbọ̀ngàn ìlú tí ìpàdé náà ti wáyé kún ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn aṣòfin márùn-ún jókòó níwájú, Ọnarébù Oyèkúnlé tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wà láàárín wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn fáànù ń yí, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn Àyọ̀kẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká jókòó tì í, ó ń fọwọ́ kàn án léjìká. Àyọ̀kẹ́ kò yí orí. Ó mọ̀ pé ẹni tí òun ń bẹ̀rù wà lẹ́yìn, ó kàn ń bẹ̀rù láti mọ ìjókòó tó jẹ́.

Pásítọ̀ kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ka ẹsẹ Bíbélì lórí pàṣán. Àáfà kan tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn rò pé tirẹ̀ náà á gba ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ tó ń na ọmọ nígbà ìbínú, ara rẹ̀ ló ń gbẹ̀san fún, kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Àwọn kan kùn. Lọ́yà obìnrin kan ka iye ọmọ tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn rẹ̀, àgbẹ̀ kan bọ́ síwájú, ó ní bàbá òun na òun, òun náà na àwọn ọmọ òun, kò sì sí olè kankan nínú wọn.

"Bí ẹ bá ní ká má na ọmọ wa," ó pariwo, "ẹ̀yin lẹ máa wá máa tọ́ wọn nìyẹn! Ẹ sọ fún wa ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá kó wọn!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú ariwo yẹn ni wọ́n pe orúkọ Àyọ̀kẹ́.

Ó rìn dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ka ohun tó kọ. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn, tó ń sọ pé ìbáwí yàtọ̀ sí ìkà, pé tíṣà tó mọ iṣẹ́ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà náà ló rí i. Ìlà kẹrin, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan nínú hìjáàbù aláwọ̀ ewé, ó yí orí díẹ̀, ó gbé etí ọ̀tún síwájú bí ẹyẹ.

Àyọ̀kẹ́ ká ìwé náà láìka ìlà ìgbẹ̀yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó fẹ́ padà síbi ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ dúró díẹ̀, Mummy," Ọnarébù Oyèkúnlé wí. "Ìbéèrè kan péré ni. Nínú gbogbo ọdún márùndínlógójì yẹn, ǹjẹ́ ọmọ kankan wà tó fara pa lọ́wọ́ yín?"

Fáànù ń yí. Ẹnì kan wúkọ́. Àyọ̀kẹ́ gbójú sókè. Ó rí kámẹ́rà tó dojú kọ òun. Ó rántí Abẹ́òkúta.

"Rárá, sà," ó wí. "Kò sí."

"Ẹ ṣeun."

Kò mọ bó ṣe dé ibi ìjókòó rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti pe ìkẹfà.

Ràbíátù kò ní ìwé lọ́wọ́. Ó dúró níwájú, ó kí àwọn aṣòfin, ó sì sọ̀rọ̀ ní ohùn tó lọ sílẹ̀ gan-an.

"Mo bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí èmi náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tíṣà mi fọ́ mi létí nínú kíláàsì. Láti ọjọ́ yẹn, etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí tíṣà ní kí n má sọ. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ojú ẹ̀ wú. Mo bi í, ó ní òun ṣubú ni. Mo wo ojú ẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí irọ́ tí èmi náà pa nìyẹn. Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, ọkùnrin gíga kan, fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Madam, kí ni orúkọ tíṣà náà?"

"Mi ò wá torí orúkọ, sà."

"Ibi ìṣòfin la wà, a kì í pa àlọ́ níbí. Kò sí orúkọ, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìwé dókítà. Ṣé ẹnì kan wà tó rí i? Ìyá yín ńkọ́?"

"Ìyá mi ò mọ̀. Iba lòun rò pé ó ṣe é."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ọkùnrin náà yíjú sí gbọ̀ngàn. "Ìyá tó bí i ní iba ni. Alága, mo ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa. Àwọn ẹgbẹ́ kan ló ń kọ́ ẹ ní ohun tí wàá sọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Òpùrọ́!" Apá òsì ni igbe náà ti wá. Ràbíátù kò yíjú síbẹ̀, kò gbọ́. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ irin ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà, gẹ́lẹ́ bó ṣe wo ẹnu Àyọ̀kẹ́ lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Ẹsẹ̀ Àyọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Òun kò mọ ìgbà tó pàṣẹ fún un.

"Èmi ni," ó wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó ní láti tún un sọ, ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Èmi ni tíṣà náà. Èmi ni mo fọ́ ọ létí."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká di ìró rẹ̀ mú. "Mummy, ẹ jókòó. Ara yín ò yá. Ẹ má dójú tì wá." Ó ń fà á. Àyọ̀kẹ́ di ẹ̀yìn àga iwájú mú kó má baà ṣubú.

Ariwo gba gbọ̀ngàn kan. Ọnarébù Oyèkúnlé lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Mummy, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Wọ́n ń gbà á sílẹ̀ o. Ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, ẹ ní kò sí."

"Irọ́ ni mo pa, sà. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó ṣì ń bà mí báyìí." Ó tọ́ka sí Ràbíátù. "Kò pa àlọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde ní etí náà, mo sì fi áńkáṣíìfù mi nù ún. Mo ní kó má sọ. Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Tèmi ni kẹ́ ẹ yọ."

Nígbà tó jáde síta, kò sí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó dúró dè é. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú báàgì: Olúwatóbi, Olúwatóbi, Olúwatóbi. Kò gbé e. Ràbíátù dúró lẹ́bàá ògiri, ó fi ẹ̀yìn tì í.

"Ràbí," Àyọ̀kẹ́ wí. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó yí lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀. "Ràbíátù. Mo tọrọ àforíjì."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. "Mi ò rò pé ẹ máa dìde, mà. Mo ti múra sílẹ̀ pé ẹ ò ní dìde. Ní báyìí, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe." Ó nu ojú rẹ̀. "Rédíò á ti gbé e tó bá di aago mẹ́rin. Màámi kì í pa rédíò. Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ kó tó gbọ́."

"Jẹ́ kí n bá ẹ lọ."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"Kó lè jẹ́ èmi ló máa bínú sí."

Ràbíátù kò ní kó má bọ̀. Inú mọ́tò kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ sí Edunabon. Àyọ̀kẹ́ ti dúró níwájú aṣòfin márùn-ún àti gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo yìí bà á lẹ́rù ju gbogbo wọn lọ.

Ìyá Ràbíátù rí wọn, ó dìde tẹ̀ríntẹ̀rín, ó na ọwọ́ méjèèjì. Àyọ̀kẹ́ kò jẹ́ kó kúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ eléruku láàárín èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi omi là á.

Ìyá náà kò wo Àyọ̀kẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó wí. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ bá nà mí, Màámi," Ràbíátù wí. "Ẹ̀ bá ní kí ni mo ṣe tí tíṣà fi gbá mi."

Mọ́tò ńlá kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé àtíbàbà náà. Obìnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn, ó gbé e jókòó tì í, ó fi ọwọ́ bo etí òsì rẹ̀ lórí hìjáàbù, ó sì ń mì síwá-sẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó rántí ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Tíṣà," ó wí, kò gbójú sókè, "ẹ máa lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́. Lónìí, ẹ kàn máa lọ."

Àyọ̀kẹ́ lọ.

Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn. Olúwatóbi kò pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá pè, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá òun náà ti fara pa lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tí òun ò sì rántí. Ní Òṣogbo, àwọn aṣòfin jà lórí àbádòfin náà fún ọjọ́ méjì. Wọ́n fòfin de lílu ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n apá tó kan òbí, wọ́n gbé e tì, wọ́n ní àwọn á tún un yẹ̀ wò. Ọlọ́pàá kò wá. Síbẹ̀, bí mọ́tò kan bá dúró níwájú ilé, Àyọ̀kẹ́ á dìde, á lọ yọjú lójú fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tó yọjú sí ni Ràbíátù. Kò wọlé. Ó ní dókítà etí kan fẹ́ wo òun, ó sì ń bi òun bí ọgbẹ́ náà ṣe wáyé gan-an: apá ibo ni ọwọ́ ti wá, báwo ló ṣe le tó, ṣé orí náà lu nǹkan. Òun ò rántí gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́," ó wí.

Àyọ̀kẹ́ wọ bàtà. Ní iwájú dókítà, ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, títí dórí ẹsẹ̀ tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kọ ọ́ sínú fáìlì, kò gbójú sókè.

"Ta ló gbá a?" ó bèèrè.

"Èmi ni."

Bírò náà dúró díẹ̀. "Orúkọ yín, mà?"

Ìbẹ̀rù àtijọ́ yẹn gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tútù nini. Ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí itan, ó sọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé dókítà náà fẹ́ ṣì í kọ, ó fara sún mọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.